Ilé Tí A Kọ́ De Ọmọ

Mo purọ́ fún ọkọ mi. Mo ní kò sí àyè nínú ilé wa. Ẹ̀yin òǹkàwé, pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ilé wa o, yàrá mẹ́fà ló wà lókè nìkan, èmi nìkan ṣoṣo ló sì ń sùn nínú gbogbo rẹ̀... mo wojú ọkọ mi, mo ní kò sí àyè, òun náà wojú mi, kò sì bi mí pé kí ló dé. Pé kò bi mí yẹn gan-an ló ń pa mí lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, torí mi ò lẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Ìdànrè níbí, bí mo bá sọ ọ́ fún aládùúgbò láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán yóò ti gun Òkè lọ, yóò sì ti sọ̀ kalẹ̀ padà. Kí olóòtú jọ̀wọ́ má tẹ orúkọ mi jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe jẹ́, torí ilé yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni ọkọ mi. Ẹ ó rí i pé "ó" ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀ "ẹ̀yin Bàbá Fúnmi" ni, ẹ má bínú, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Orí Òkè ni wọ́n bí i sí, nígbà tí ìlú ṣì wà lókè, kí gbogbo wa tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ yìí. Yàrá kan ni bàbá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ilé. Bí ìyàwó bá ti bímọ tí àyè kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n á wó ògiri ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á so yàrá mìíràn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣeé ṣe gbogbo ẹrù ló gbọ́dọ̀ jáde... àpótí, ẹní, ìkòkò, adìyẹ, àtọmọdé àtàgbà, gbogbo wọn á lọ máa sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ará ilé kejì títí ògiri yóò fi gbẹ. Bí wọ́n bá kó padà, kò ní pẹ́ tí oyún mìíràn yóò fi dé, wọ́n á tún kó jáde. Lọ́dún kan, òjò kò jẹ́ kí ògiri gbẹ, wọ́n wá ní kí ọkọ mi, tí kò tíì ju ọmọ tó ń ru omi lọ, lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná. Ìgbà díẹ̀ yẹn ló di ìgbà tó hu irùngbọ̀n. Nígbà tí ògiri gbẹ, ọmọ mìíràn ti wà níbi tó máa ń sùn sí, kò sì sẹ́ni tó rántí wá mú un. Ẹ̀rín ló máa ń fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń sùn tì í mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí owó kòkó gbera, tí oníkálukú ń kan páànù kiri ìlú, ó ní òun á kọ́ gbogbo yàrá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọmọ tó dé, kí ọmọ òun kankan má baà dúró de ògiri. Mo bẹ̀ ẹ́ o. Mo ní kí a kọ́ méjì ná, bí ọmọ bá dé a ó fi kún un, ilẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé rẹpẹtẹ, yàrá òfìfo kì í ṣe ohun ẹ̀yẹ, eku ló ń pè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí àwọn àgbà ló ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ilé rèé, ó ku orúkọ. Mo pè é ní àwàdà! Àfìgbà tí bíríkìlà rẹ́ ẹnu ọ̀nà àwọn yàrá òkè tán, tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù, tí ọkọ mi gba ìṣó lọ́wọ́ káfíńtà, tó gun orí àpótí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sókè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. FUNMILAYO ni àkọ́kọ́, ìyẹn ti wà láyé, ó ń rákò nínú yanrìn nísàlẹ̀. YETUNDE ló tẹ̀ lé e. DELE. KOLA. BISI. Yàrá tó kù jẹ́ tàwa méjèèjì. Bíríkìlà wò mí, mo wo bíríkìlà. Ọjọ́ kẹjọ là ń sọmọ lórúkọ, ta ló ń sọmọ lórúkọ nígbà tí kò tíì sí oyún? Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ẹ̀yin náà, ó dùn mọ́ mi. Ọkọ wo ló máa ń ro ọmọ inú ìyàwó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ti YETUNDE yẹn tún yàtọ̀. Ìyá ọkọ mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà. Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀, èmi ni mò ń fún un lẹ́kọ mu, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Iwájú orí rẹ̀ gbòòrò, eyín òkè rẹ̀ ṣí díẹ̀ láàárín, bó bá rẹ́rìn-ín èèyàn á ti bá a rẹ́rìn-ín kó tó mọ ohun tó fà á. Ó di ọwọ́ mi mú lórí ẹní àìsàn, ó ní inú mi lòun ó gbà padà wá, ṣùgbọ́n kí n má fi omi tútù wẹ òun o, torí òtútù orí Òkè ti tó òun láti kékeré. A jọ rẹ́rìn-ín, mo wá lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún. Nítorí náà orúkọ tó wà lókè ilẹ̀kùn kejì kì í ṣe ti ọkọ mi nìkan. Àdéhùn èmi àti Ìyá ni.

Oyún dé, ó wálẹ̀. Òmíràn dé, ìyẹn náà wálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò dé mọ́. Àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì kò sọ ọ́ sí mi létí, àmọ́ bí wọ́n bá wá kí mi, òkè ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kí n ta aṣọ funfun bo àwọn orúkọ náà títí Ọlọ́run yóò fi dáhùn... mi ò bò ó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ta aṣọ bo ọmọ lójú? Ẹ ò mọ bó ṣe máa ń rí. Láràárọ̀ ni mò ń gbá àwọn yàrá yẹn, mò ń ṣí fèrèsé wọn, mò ń pè wọ́n. Délé, ilẹ̀ ti mọ́. Kọ́lá, ìwọ náà dìde. Bísí, má jẹ́ kí n wọlé bá ẹ o. Mo mọ èyí tó lágídí nínú wọn, mo mọ èyí tí kì í fẹ́ jẹun. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹ pè mí ní wèrè, ẹ pè mí... Fúnmi náà wá dàgbà, ó lọ sí boarding house ní Àkúrẹ́, ilé bá pa lọ́lọ́. Ìkòkò tí a rà nígbà tí a ń kọ́lé, ìkòkò ọlọ́mọ yọyọ, òun náà ni mo ṣì ń gbé kaná, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan. Ìdajì rẹ̀ á kan, màá dà á fún ewúrẹ́. Ẹ̀yin tí ilé yín kún, tí ẹ ń kígbe pé àwọn ọmọ ò jẹ́ kí ẹ gbádùn, ẹ wá gbé ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ mi.

Ọkọ mi ńkọ́? Oko rẹ̀ wà lọ́nà Ofosu. Tẹ́lẹ̀, bóṣù bá ṣe ń lé náà ló ń wálé. Nígbà tó yá ó di ìgbà Kérésì àti Àjíǹde. Ó ní ọ̀nà kò dáa, ó ní àwọn lébìrà ń jí kòkó. Mo gbà. Mo rò pé àwọn yàrá yẹn ló ń sá fún, torí èmi náà ìbá sá fún wọn bí mo bá ríbi sá sí.

Nígbà ìkórè tó kọjá yìí ni awakọ̀ lọ́rì tó ń bá a kó kòkó sọ fún mi pé ikọ́ ń dà á láàmú. Mo wá oyin, mo wá orógbó, mo ní màá bá lọ́rì náà padà. Awakọ̀ yìí rọ̀ mí títí pé kí n fi nǹkan rán òun, pé ọ̀nà á fìyà jẹ mí, kò yẹ kí irú mi máa jókòó sórí àpò. Ẹ wò ó, mo rò pé ó ń ṣàánú ìdí mi ni... Nígbà tó já mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà oko, kò lè wò mí lójú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo yà sínú oko.

Yàrá kan ni ahéré tí mo mọ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rẹ́ ẹ nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Mo dé ibẹ̀, mo bá a, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Yàrá mìíràn ti so mọ́ ọn, amọ̀ tìyẹn pupa. Òmíràn tún so mọ́ ìyẹn, tirẹ̀ ṣì mọ́ díẹ̀. Wọ́n ti wó ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, amọ̀ tútù wà nílẹ̀, òmíràn ló tún ń bọ̀ lọ́nà. Gbogbo ẹrù wà níta nínú oòrùn... àpótí, ẹní, ìkòkò, adìyẹ. Mo dúró. Mo ń sọ fún ara mi pé ibi ìkó-kòkó-sí ni ọkọ mi ń kọ́, pé àpọ́n lébìrà ló ń gbé níbẹ̀. Àwọ̀ ògiri yẹn ń fi hàn mí bí ọmọ ṣe tẹ̀ lé ọmọ, ojú mi rí i kedere, ọkàn mi ló kọ̀ tí kò fẹ́ kà á.

Ni obìnrin kan bá pe ọmọ láti ẹ̀yìn ilé. Yétúndé o! Yétúndé, wá gbọmọ lọ́wọ́ mi! Ọmọbìnrin kékeré kan sáré jáde, ó rí mi, ó kúnlẹ̀, ó kí mi lédè Ìdànrè gidi bí àwọn àgbà orí Òkè ṣe ń kíni, ó sì rẹ́rìn-ín. Iwájú orí gbòòrò. Eyín òkè ṣí láàárín. Ẹ̀yin òǹkàwé... Ìyá ni! Ìyá tí mo wẹ̀ títí tó fi lọ, Ìyá tó ní inú mi lòun ó gbà wá. Inú ẹlòmíràn ló gbà. Ó bi mí pé ta ni kí òun sọ pé ó dé. Ta ni kí n ní mo jẹ́? Mo ní mo ṣìnà ni, omi ni mo ń wá.

Ìyá rẹ̀ jáde, ọmọ ọwọ́ wà lápá rẹ̀, kò dàgbà tó mi, ojú rẹ̀ kò le. Mo ti ń retí kó burú kí n lè kórìíra rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àpótí ló gbé fún mi jókòó, omi àmù ló bù fún mi, ó ní bàbá àwọn ọmọ lọ gbé kòkó sórí ìwọ̀n, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n má wo bí ibẹ̀ ṣe rí, wọ́n ń fi yàrá kún ilé ni. Àwọn ọmọ ń gbé ẹrù jáde, wọ́n ń ṣubú lura wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe ọ̀kan ní Délé. Èyí tó wà lápá ìyá rẹ̀, mi ò bèèrè orúkọ rẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ pé ṣé kò ní sàn kí wọ́n kọ́ ọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n yé kó ẹrù síta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá àwọn ọmọ ní òun kì í kọ́lé de ọmọ mọ́. Ó ní ilé tí a bá kọ́ de ọmọ, ṣe ló ń lé ọmọ sá. Mo gbé omi yẹn mì. Èmi tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un kó tó da sìmẹ́ńtì, èmi ló fi kọ́ ọgbọ́n, ó wá kó ọgbọ́n náà lọ fún ẹlòmíràn.

Yétúndé ló sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, bí Ìyá gan-an, ẹnu kì í sinmi. Ó ní bàbá àwọn ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìdànrè, orúkọ òun wà lókè ilẹ̀kùn kan níbẹ̀, bóun bá tó ilé ìwé í lọ ibẹ̀ lòun ó máa gbé. Mo bi í pé ta ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹnì kan ló ń bá wa ṣọ́ ọ."

Ẹnì kan... Mo gbé oyin fún un, mo ní kó fún bàbá rẹ̀, ikọ́ ni wọ́n ń fi í pa. Mi ò mọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ yẹn. Mi ò pe ẹnikẹ́ni nínú àwọn yàrá yẹn mọ́ láti ìgbà náà. Kí ni mo fẹ́ máa pè? Wọ́n ti jẹ́ orúkọ náà níbòmíràn.

Ọkọ mi wálé ní Kérésì. Kò sọ nǹkan kan nípa oyin, èmi náà kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó jẹun tán ló ní ìjọba ti sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́ báyìí, pé ọmọ ìbátan òun kan wà ní oko, jẹ́jẹ́ ni ọmọ náà, bóyá kó wá máa bá mi gbé, ṣebí ilé tóbi. Mo dúró kó dárúkọ ọmọ náà. Ká ní ó dárúkọ rẹ̀ ni... ǹ bá sunkún, ǹ bá bú u, ǹ bá ju abọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ǹ bá gbà. Kò dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ìbátan, ọmọ ìbátan! Mo ní kò sí àyè. Ó gbé ojú sókè wo àwọn ilẹ̀kùn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sílẹ̀. Bó bá bi mí ní ìdí, màá sọ ìdí fún un, ó sì mọ̀. Ó wá ní kò burú, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun fún ìgbà díẹ̀ ná. Fún ìgbà díẹ̀ ná! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lé òun gan-an nílé, ó tún ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun sọ ọ́.

Lẹ́yìn tó padà sí oko, mo ní irọ́ tí mo pa, màá sọ ọ́ di òtítọ́. Mo ní kí wọ́n kó iṣu sínú yàrá Délé. Mo to igi ìdáná sí ti Kọ́lá. Mo ju àpò kòkó tó ti ya àti ẹní gbígbó sínú ti Bísí títí ilẹ̀kùn kò fi lè ṣí tán mọ́. Mo dé ti Yétúndé, ọwọ́ mi kò gbé nǹkan kan wọbẹ̀. Inú wá bí mi, mo fa àdá yọ, mo gun orí àpótí, mo ní bí mi ò bá lè dí yàrá yẹn, màá ha orúkọ yẹn dànù. Sìmẹ́ńtì ìgbà yẹn le bí àpáta Òkè. Mo ha á, ekuru ń bọ́ sí mi lójú, apá ń ro mí, Y lọ, E lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n sinmi. Mo gbójú sókè, mo kà á. TUNDE. Ó tún dé! Ìyá ni mo ha kúrò, ó wá ku pé ó tún dé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rín pa mí, kò pẹ́ ni ẹ̀rín yẹn di ẹkún. Fúnmi wálé fún ìsinmi ráńpẹ́, ó wo òkè ilẹ̀kùn, ó ní, Màámi, ta ni Túndé? Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Ibi tọ́rọ̀ wá dé rèé. Awakọ̀ yẹn ti jíṣẹ́ fún mi. Ó ní nígbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé lóṣù tó ń bọ̀, ọkọ mi yóò mú ọmọ náà kọjá níbí, wọn yóò dúró díẹ̀ kí ọmọ kí mi, lẹ́yìn náà wọn yóò máa lọ. Díẹ̀... Yóò gun àtẹ̀gùn yẹn, yóò ní kí wọ́n fi ilẹ̀kùn òun han òun. Ọmọ yẹn á dá mi mọ̀ o! Obìnrin tó ṣìnà, tó mu omi wọn.

Ẹ̀yin ọkùnrin ilé, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù, sùúrù ni mò ń gbá, tí mò ń nù, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé yìí. Bí mo bá gba ọ̀kan, ṣé mi ò ní gba gbogbo wọn? Bí gbogbo ilé bá wá kún, tí ìyá wọn náà sì tẹ̀ lé wọn, níbo ni tèmi? Bí mo bá sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ, ta ló mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni á rántí lọ mú un, ṣé bí wọ́n ṣe gbàgbé bàbá rẹ̀ kọ́ ló bí gbogbo èyí? Ṣé Ìyá ló dà mí, àbí ọmọ rẹ̀? Àbí kò sẹ́ni tó dà mí, ilé la kọ́ ju ara wa lọ? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ... ilé wo ni ọkọ mi wò?

Mi ò tíì pinnu nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n lánàá mo wọ yàrá Kọ́lá, mo kó díẹ̀ jáde nínú igi ìdáná yẹn, mo tò ó sẹ́bàá àdògán, torí mo mọ ẹnì kan tí kì í fẹ́ kí wọ́n fi omi tútù wẹ òun. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, tó kúnlẹ̀, tó rẹ́rìn-ín sí mi, tó tún bi mí pé ta ni mí, ẹ jọ̀ọ́... ta ni kí n sọ pé mo jẹ́?